Màámi tún gọ́tà ṣe de àlejò

Ìmọ́tótó ìyá mi ti pa wá lára lónìí.

Àwọn tó ń fi ìmọ́tótó ẹkùn Ghana kan wé òmíràn wá sí àdúgbò wa ní Mamobi. Wọ́n ní ibi tó bá dọ̀tí jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ gọ́tà tuntun sí.

Kí wọ́n tó dé, Màámi ti jí ní kùtùkùtù, ó ti kó gbogbo pàǹtí inú gọ́tà wa pamọ́ sí yàrá.

Obìnrin tó ń kọ̀wé ní, "Maame, ibí mọ́ gan-an." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Màámi, kí ló dé?"

"Ṣé kí wọ́n lọ kọ ọ́ pé àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Alátà níbí dọ̀tí ni?"

Òjò ti ṣú báyìí. A ń gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù, torí omi gọ́tà náà máa tó wọlé bá pàǹtí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ni kí n bínú sí?