Ìbéèrè Tí A Tẹ̀ Láìlo Tàdáwà

Ní ọdún tí àwọn ológun fagi lé ìdìbò ààrẹ, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kan ní Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹgbẹ́ ti gbọ́ nípa ìwọ́de wa sí GRA, níbi tí àwọn aláṣẹ ń gbé. Ohun tí ẹ kò tíì gbọ́ ni ti Ràfátù.

Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí a ń fi ọwọ́ yí wà ní yàrá iwájú ilé rẹ̀ ní Adéwọlé, kò sì sí ohun tí ó fẹ́ràn tó o. Kì í tẹ àwòrán ènìyàn. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ń tẹ̀. Àwọn ológun sì ti kìlọ̀ pé ẹ̀rọ tí ó bá tẹ ìwé nípa ìdìbò, àwọn yóò gbé e lọ.

Ràfátù gbẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wọ inú pákó: ÌBÒ WA DÀ? Ó fi omi rẹ bébà díẹ̀, ó tẹ́ ẹ lé pákó náà, ó sì yí ẹ̀rọ láìlo tàdáwà. Bébà náà jáde ní funfun báláú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yọ sókè lára rẹ̀.

"Ràfá, ṣé bébà òfìfo ni a ó gbé wọ́de?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Bọ̀dá Akọ̀wé."

"Àwọn aláṣẹ kò ní fọwọ́ kàn án."

"Àwọn ará ọjà yóò fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ó bá fi ìka rẹ̀ rí ìbéèrè yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ẹ ṣáà ṣèlérí pé ẹ kò ní fi nǹkan kan kùn ún."

Mo ṣèlérí.

Ní ọjọ́ ìwọ́de, ní Ọjà-Ọba, obìnrin aláṣọ kan gba ọ̀kan nínú àwọn bébà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Tíṣà, ṣé wọ́n gba tàdáwà yín mọ́ ìbò ni?" Àwọn ìyókù rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ó fi ìka tọ́ ọ. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó nà án sí ẹni tí ó jókòó tì í.

Ó yẹ kí ìyẹn tó mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé GRA, ṣọ́jà kan wo bébà funfun ọwọ́ wa, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbàgbé láti kọ nóòtì?" Ìtìjú mú mi. Mo ṣa èédú tútù nídìí ààrò ẹni tí ń sun àgbàdo, mo sì fi pa ojú bébà náà. Ọ̀rọ̀ náà yọ dúdú kedere. Àwọn ènìyàn hó yèè. Àwọn olùkọ́ tó kù náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣa èédú. Àwọn ṣọ́jà kà á, wọ́n sì fi kòbókò tú wa ká.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dé Adéwọlé. Wọn kò ní láti wádìí púpọ̀: ta tún ni ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀? Wọ́n gbé ẹ̀rọ, wọ́n mú Ràfátù. Nígbà tí ó jáde lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ohun kan ni ó bi mí.

"Ta ni ó kọ́kọ́ kùn ún?"

"Èrò pọ̀," ni mo wí. "N kò mọ̀."

Ìjà náà kò já sí asán. Ìgboro ka ìbéèrè wa ní ọ̀sán gangan, àwọn ológun sì padà fi ìjọba sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹ̀rọ náà padà títí di òní, Ràfátù kò sì tẹ ìwé mọ́. Ìbéèrè tí a gbé lọ sí GRA, ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè tí òun bi mí kò yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìní ìdáhùn.

Ràfátù, èmi ni.