Ọjọ́ tí A Lọ Bẹ Ará Bolton Nítorí Kumadoro

Láàárọ̀ Sátidé, òórùn méjì ló máa ń bára wọn jà nínú ilé wa ní Longsight, ní Manchester. Ọ̀kan ni ti àkàrà Mọ́mì, tó máa ń jí gbogbo wa kí aago mẹ́jọ tó lù. Èkejì ni ti omi ẹja gbígbẹ tí Bùrọ̀dá Kenji máa ń sè nínú ìkòkò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ewé inú òkun kan tí a ò mọ orúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná wa lásìkò yẹn, ẹ ò ní mọ̀ bóyá Abẹ́òkúta lẹ wà tàbí etí òkun Japan. Bọ́ọ̀sì á máa kọjá lójú Stockport Road, fèrèsé á máa gbọ̀n, Bùrọ̀dá Kenji á sì gbé àwo dání, á máa retí àkàrà mẹ́fà tirẹ̀. Kì í tọrọ. Á kàn tẹrí ba.

Títẹrí ba yìí náà ló gba yàrá fún un. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn wa. Mọ́mì ti búra pé òun ò ní gba ayálégbé ọkùnrin mọ́, nítorí èyí tó gbé yàrá òkè yẹn kẹ́yìn máa ń wọ bàtà sùn. Àfi bí Kenji ṣe yọ, tó dí gbogbo ẹnu ọ̀nà pa, ó ga, ó sanra, èjìká rẹ̀ fẹ̀. Ó tẹrí ba fún Mọ́mì títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ó tẹrí ba fún Dádì. Ó tún tẹrí ba fún èmi Ẹ̀bùn, tí ikun wà nímú mi. Mọ́mì wo Dádì, ó ní, "Wọ́n kọ́ ọmọ yìí nílé." Ọ̀rọ̀ parí. Ó ní òun ń kọ́ èdè Òyìnbó nílé ẹ̀kọ́ kan ní àárín ìlú, òun sì ń gbé páálí ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bolton. Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni Mọ́mì ti ń fi í bú mi. Tí mo bá kí àgbà láì kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́: "Wo Kenji! Ará Japan ni o, kì í ṣe Ẹ̀gbá! Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, Ẹ̀bùn." Kí n sọ òótọ́, kò dùn mí, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Òun ló ń bá mi ṣe ìṣirò. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká ìwé di ẹyẹ. Ọkùnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ológbò aládùúgbò wa ló ń bà á lẹ́rù. Tí ológbò náà bá jókòó sórí ògiri iwájú, ẹ̀yìnkùlé ni Bùrọ̀dá Kenji máa gbà wọlé.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Mọ́mì ń ná ata lọ́wọ́ ní Longsight Market, èmi ń wo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kan, ni mo bá rí pósítà ìjàkadì. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó wọ awọ béárì, ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, ọ̀dà dúdú lójú, ó la ẹnu. Awọ béárì yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, Bùrọ̀dá Kenji gbé e wá, Mọ́mì fúnra rẹ̀ ló sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ bá a ṣẹ́ ìṣẹ́tí rẹ̀. Ó rò pé kóòtù òtútù ni, ó ní àánú ọmọ náà ń ṣe òun.

Lábẹ́ àwòrán náà ni wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí. KUMADORO, Ẹranko Òkè Yìnyín! Inú ihò àpáta ni wọ́n bí i sí. Béárì ló fún un lọ́mú. Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó fi orí fọ́ agogo tẹ́ńpìlì. Kò gbọ́ èdè ènìyàn kankan. Japan gan-an lé e jáde! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá mi ṣe sípẹ́lì lánàá!

Mo ká a mọ́ orí àtẹ̀gùn nígbà tó dé. Ó jókòó, igi àtẹ̀gùn ké. Ó ní bàbá òun ń ṣe awò ojú tà, ìyá òun ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù. Béárì kan ṣoṣo tí òun rí rí, ọgbà ẹranko ni, ọmọ ọdún mẹ́fà lòun nígbà náà, òun sì sunkún títí wọ́n fi gbé òun lọ sílé. "Iṣẹ́ ni Kumadoro," ó ní. "Nínú ilé yìí, Kenji ni mí." Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún Mọ́mì, nítorí ojú wo lèèyàn fẹ́ fi wo ìyá ìjọ kó sọ pé béárì fún òun lọ́mú? Mo ṣèlérí. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé yàrá ìmúra ni wọ́n ti máa ń fẹnu kò lórí ẹni tó máa ṣubú. Àwọn oníṣẹ́ yẹn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ púpọ̀ ni pósítà kejì jáde. Gbọ̀ngàn kan ní Swinton, ọ̀sán Sátidé, Kumadoro àti Jẹ́ńtùmáànì Bolton, ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò funfun, tí irun rẹ̀ ń dán. Ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ló pa mí: ẹni tó bá ṣubú, kó kẹ́rù rẹ̀ kúrò ní Manchester, kó má padà wá mọ́ láéláé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àpótí kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí máa ń ju ìwé sí. Èmi náà kọ tèmi: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàdúrà kí Bùrọ̀dá Kenji na Jẹ́ńtùmáànì Bolton ní Sátidé. Tó bá ṣubú, wọ́n máa lé e kúrò nílùú, èmi ò sì fẹ́ kó lọ." Mi ò kọ orúkọ mi sí i. Mo ń ṣe ọlọ́gbọ́n. Pásítọ̀ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó kà á jáde lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kenji mélòó la ní nínú ìjọ àwọn ará Ìpínlẹ̀ Ògùn? Mọ́mì rọra yíjú, ó wò mí. Mo ní, ó ti parí fún mi.

Nígbà tá a délé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ béárì ló máa lé Bùrọ̀dá Kenji jáde nílé wa. Mọ́mì ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ béárì. "Ta ló fẹ́ lé ọmọ mi kúrò nílùú?" ló ń bèèrè. Dádì, tó ń wa bọ́ọ̀sì, rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, eré ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa ṣubú." Mọ́mì pòṣé. Nígbà tó wà ní kékeré ní Abẹ́òkúta, pálọ̀ tíṣà kan ni gbogbo àdúgbò máa ń kún láti wo ìjàkadì lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé eré ni. Ó pe Kenji sọ̀kalẹ̀, ó bi í bóyá lóòótọ́ ni pé tó bá ṣubú, ó máa lọ.

Bùrọ̀dá Kenji wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì. Tí mo bá ṣubú, mo máa lọ." Mọ́mì ní, "O ò ní ṣubú." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń dín ẹja fún un.

Sátidé pé. Mọ́mì àti ìyá mẹ́rin láti ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn pẹ̀lú gèlè, àti èmi, a wọ bọ́ọ̀sì méjì dé Swinton. Dádì wà lẹ́nu iṣẹ́. Gbọ̀ngàn náà ń rùn fún ọtí kíkan àti ànàmọ́ díndín. Bí Bùrọ̀dá Kenji ṣe jáde, tó ń wọ́ ẹ̀wọ̀n nílẹ̀, tó ń bú ramúramù, gbogbo èrò hó lé e lórí. Mọ́mì fò dìde. "Kenji! O ò jẹun kó o tó jáde!" Ẹranko Òkè Yìnyín gbọ́, orí rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀. Ló bá tún bú ramúramù lẹ́ẹ̀mejì láti fi bò ó.

Ìjà náà le. Gbogbo ìgbà tí Jẹ́ńtùmáànì bá gbé e ṣán mọ́lẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń pariwo, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Màmá Tóbi, tó jẹ́ àgbà jù nínú wọn, bọ́ bàtà kan, ó fẹ́ sọ ọ́ lu rẹfirí, Mọ́mì ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àfi gbì! Bùrọ̀dá Kenji ṣubú, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, kò dìde. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí juwọ́ sí i pé ó dìgbà. Mo bú sẹ́kún.

Mọ́mì tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ bẹ ọkùnrin yìí."

Ẹ̀yin náà mọ̀ wá. Tí ìjà bá parí, tí wọ́n fẹ́ lé ẹni tó ṣubú, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bẹ ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ wà lókè. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ níbi ìjàkadì. Obìnrin márùn-ún onígèlè kọjá lára ẹ̀ṣọ́ tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi wọ́n ṣe, wọ́n tò sí ìdí pèpéle ìjà, wọ́n kúnlẹ̀. Èmi ni mo wà níparí.

Mọ́mì ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn, ó ń fi èdè Òyìnbó bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ nà án, gbogbo wa la rí i, kò sí àríyànjiyàn. Ẹ má lé e. Ilé mi ló ń gbé. Kì í pariwo. Ó máa ń fọ àwo tó bá fi jẹun." Èmi náà dá sí i. Mo ké sókè pé kì í ṣe béárì ló fún un lọ́mú, pé ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dùùrù.

Jẹ́ńtùmáànì wo rẹfirí, rẹfirí wo ilẹ̀. Kumadoro tó yẹ kó ti dákú gbé orí, ó rí Mọ́mì lórí ìkúnlẹ̀, ló bá rá jáde lábẹ́ okùn, ó fẹ́ gbé e dìde. Mọ́mì ò dìde. Ni òun náà bá kúnlẹ̀ tì í, tòun ti awọ béárì, omijé ń fa ìlà sínú ọ̀dà dúdú ojú rẹ̀. Ìyá àgbà Òyìnbó kan tó ń jẹ ànàmọ́ díndín lẹ́yìn kígbe pé, "Jẹ́ kó dúró, ìwọ òpònú yìí!" Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀: jẹ́ kó dúró, jẹ́ kó dúró! Jẹ́ńtùmáànì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹ̀rín ló ń pa á. Ó ní òun dárí jì í. Kumadoro lè dúró.

Ẹ wo ijó! Ẹ wo orin! Nínú bọ́ọ̀sì, Mọ́mì ń sọ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ pé, "Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú ṣe." Inú mi dùn débi pé mo ń bi àwọn tí mi ò mọ̀ rí bóyá wọ́n gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Bùrọ̀dá Kenji wọlé sí ilé ìdáná pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú sórí tábìlì. Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Ara bàbá rẹ̀ ò yá, òun nìkan ni ọmọkùnrin, òun ni yóò jókòó ti ṣọ́ọ̀bù awò. Ó ti sọ fún àwọn tó gbé ìjà náà kalẹ̀ láti oṣù tó kọjá, àwọn ló sì fi lílọ rẹ̀ ṣe ìtàn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgboro. "Gbogbo ẹ̀ ni eré," ni Dádì wí, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí, "àfi lílọ yẹn."

Mọ́mì ní, "Kí ló dé tó ò sọ, tó o jẹ́ kí n fi orúnkún tó ń dùn mí kúnlẹ̀ fún ará Bolton?" Bùrọ̀dá Kenji tẹrí ba. Ó ní kò sí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni rí kí òun dúró níbì kan. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀bẹ̀, òun fẹ́ gbọ́ ọ dópin. Mọ́mì kọjú sí sítóòfù, ó ń ro epo nínú páànù, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan nínú epo náà.

Èmi ò ní sùúrù àgbà. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ má lọ." Òun náà kúnlẹ̀. "Ẹ̀bùn, mi ò lè dúró." Mo ní, "Mo mọ̀. Mo kàn ń bẹ̀ yín ni." A wà níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú. Ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ.

Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Council, ìjọba ìbílẹ̀ ìlú wa, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó lè fi ìjàkadì tàn mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gba yàrá lọ́dọ̀ mi, wọ́n á parí, wọ́n á padà sílé, èmi ni mo máa ń bá wọn wọn ẹrù. Lọ́dún tó kọjá, Dèjì, ọkùnrin tí mo fẹ́ràn, tí mo ṣì fẹ́ràn, sọ pé òun ń padà sí Èkó pátápátá. A jọ dúró níbi ìdúró bọ́ọ̀sì. Ó jẹ́ kí bọ́ọ̀sì méjì kọjá. Mo rí i pé ó ń retí ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Mo ní, "Tó o bá ti balẹ̀, fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́." Ó wọ ẹ̀kẹta.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó kúnlẹ̀ ní Swinton yẹn kò mọ eré yàtọ̀ sí òótọ́. Èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Ká ní òun ló dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ì bá ti kúnlẹ̀ lójú títì, ì bá bẹ Dèjì, tí Dèjì ò bá gbọ́, ì bá bẹ awakọ̀.