Ẹni Tó Fa Okùn Katakata

Mẹkáníìkì kan ń fi kẹrosíìnì fọ irin ẹ́ńjìnnì ní Lokongoma láàárọ̀ yìí. Òórùn kẹrosíìnì náà gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa nísàlẹ̀ òkè Patti, lọ́sàn-án ọjọ́ tí katakata Bàbá kọ́kọ́ dún.

Katakata kékeré ni, irú èyí tí èèyàn fi ń túlẹ̀ ọgbà, tó ń rìn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ti dógùn-ún kí Bàbá tó tú u palẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi tún un ṣe, èmi ni mo sì ń bá a fi kẹrosíìnì ha ìdógùn-ún rẹ̀ títí èékánná mi fi pọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àtifa okùn tó ń jí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí èmi fà á."

"Ìwọ dúró ná. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ẹ le ju tìẹ lọ."

Ìgbà kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi fà á ni èéfín bú jáde, tí ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. "Òkun o, ọmọ mi," ni Bàbá wí fún un, bí a ti ń kí ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka èdè wa. Ó ní kó máa tì í lọ, òun náà ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún nínú àpò. Owú mú kí itọ́ ẹnu mi korò.

Mo ti bímọ kí Màmá tó sọ fún mi pé ọwọ́ ọ̀tún Bàbá náà ti ń kú lọ nígbà yẹn, Bàbá kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi jù mí lọ. Mo tẹ̀ lé wọn, mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mọ́lẹ̀ padà. Bàbá bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wọnú àpò sí i.