Fóìsì Tó Ṣìnà

Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi fóìsì kan, ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lórí fóònù, ránṣẹ́ sí, àmọ́ gúrúùpù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní yunifásítì ló lọ. Inú mọ́tò ni mo wà ní Ibo Road, inú ń bí mi. Mo sọ nínú rẹ̀ pé ọmọbìnrin Hausa kan láti Tarauni, tó jẹ́ olórí kíláàsì, ní kí ẹ̀rọ AI bá òun kọ iṣẹ́ tí mo fún un. Pé olè ni, ojú ò tiẹ̀ tì í. Ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

Nígbà tí mo rí àṣìṣe mi, àyà mi já. Mo pa á rẹ́ kíá. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé Yorùbá ni mo sọ. Ní Sabon Gari níbí, nílẹ̀ Hausa, Yorùbá la fi ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí láàárín ọjà. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ nínú kíláàsì yẹn? Mo mí kanlẹ̀.

Ni fóìsì mìíràn bá wọlé. Ọmọbìnrin náà ni. Yorùbá ẹnu ẹ̀ já gaara ju ti àwọn ọmọ mi lọ.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Mo gbọ́ ọ kí ẹ tó pa á rẹ́. Ìyá Yorùbá tó múlé tì wá ló tọ́ mi dàgbà. Èmi ni mo kọ iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ lẹ bi léèrè, sà. Ẹ ò bi èmi.”