Màmá Ń Mánéèjì Ẹ̀

Nínú ọ̀rọ̀ òyìnbó, mánéèjì ni kì í kúrò lẹ́nu màmá mi. Nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ tó kún abọ́ síwájú àlejò, wọ́n á ní, "Ẹ máa mánéèjì ẹ̀." Bí mo bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ró ìró tó ti gbó, wọ́n á ní àwọn ń mánéèjì ẹ̀ ni. Inú á bí mi. Ṣebí ọdọọdún Iléyá ni mò ń ra aṣọ fún wọn ní Ọjà Balógun!

Ọjọ́ tí wọ́n kú, kí ilẹ̀ tó ṣú la ti sin wọ́n. Nígbà tí a ṣí àpótí wọn, gbogbo aṣọ tí mo rà ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù. Aṣọ tuntun kan ṣoṣo tí wọn ò rí fi pamọ́ ni funfun tí a fi sin wọ́n.