Àwọn Ọmọ Ológbò Mẹ́rin Tí Mo Wẹ̀ ní Pobè

Ọdún kẹrin tí mo fẹ̀yìn tì ni Ọ̀gá Dùwánì, aṣọ́bodè kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì, ránṣẹ́ sí mi ní Sakété pé kí n wá gbẹ̀bí nílé òun ní Pobè. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ni. Mo kó ìbọ̀wọ́, abẹ tuntun àti òwú sínú báàgì, mo gun ẹ̀yìn alùpùpù sẹ́míjàn, mo ń gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, ó mú mi wọ yàrá kan tó tutù nini bí òwúrọ̀ ọyẹ́. Orí tìmùtìmù pupa ni aboyún náà nà sí: ológbò funfun kan, onírun gígùn, tí imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó fi ojú gbá ilẹ̀kùn.

Ọ̀gá ní, "Màmá, Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì nìyí. Ìran ológbò Pẹ́rísàn ni. Ìwé tó ní ju tèmi lọ."

Mo ní, "Dókítà ẹran ńkọ́?"

"Ọmọdé ni yẹn. Kí ló mọ̀ nípa ìrọbí?"

Ó yẹ kí n padà sílé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè mí sí iṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, inú mi sì dùn, kí n má purọ́. Éèdì ni mí nílé ìgbẹ̀bí kan lágbègbè Sakété fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Éèdì ni olùrànlọ́wọ́. Sàjì-fáàmù ni agbẹ̀bí tó ní díplómà, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé. Bí sàjì-fáàmù bá lọ sí ìpàdé ní Kútọnu, ọwọ́ mi ni ọmọ ń bọ́ sí. Bó bá dé, yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí ìwé ti béèrè agbẹ̀bí, yóò sì kí mi pé mo ṣeun. N kò bá a jà, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí dé egungun. Nínú gbogbo ọmọ tí mo gbà, kò sí ìwé kan ṣoṣo tó jẹ́rìí pé mo wà níbẹ̀. Ohun tí mo ní kò ju ẹnu àwọn ènìyàn lọ, tí wọ́n ń sọ pé ọwọ́ Ìyá Tóyìn rọ̀.

Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì bí mẹ́rin láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò ké, kò bú ọkọ. Ó fi eyín gé okùn ìwọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti jẹ ibi ọmọ tán kí n tó béèrè ibi tí a ó rì í sí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó kí n máa wí pé, "Rọra, ìyá mi."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọmọ tuntun kì í wà láìwẹ̀. Mo gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, mo mú kànìnkàn àti ọṣẹ dúdú, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo sì tẹ́ wọn sí itan lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fi òrí pa wọ́n lára, mo na apá wọn, mo na ẹsẹ̀ wọn. Díẹ̀ ló kù kí n jù wọ́n sókè. Ọ̀gá ń ya fótò, ó ń wí pé, "Ẹ wo iṣẹ́ àgbà!" Mo gbé wọn padà fún ìyá wọn, wọ́n ń dán. Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì gbóòórùn àkọ́kọ́, ó gbóòórùn èkejì, ó pòṣé bí ìyálé, ó sì fò gun orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá figbe ta. "Màmá, mo ti ṣèlérí wọn fún àwọn ènìyàn ńlá! Tí wọ́n bá kú, gbogbo Pobè ló máa gbọ́ ẹni tó pa wọ́n."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ fún ọmọ ènìyàn, tí ọmọ ológbò wá kú sí lọ́wọ́, orúkọ wo ni yóò gbé padà sí Sakété? Ọjọ́ méjì, tọ̀sán tòru, ni mo fi sìríǹjì tí mo yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kán wàrà ewúrẹ́ sí wọn lẹ́nu. Bí wọ́n bá mu tán, wọn kò lè tọ̀ àfi bí a bá nu abẹ́ wọn. Ahọ́n ni ìyá wọn fi ń ṣe é. Òwú tútù ni mo fi ṣe tèmi, nítorí ìfẹ́ náà ní ààlà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ń tutù lọ. Mo tì í bọ inú bùbá mi, ní àyà, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú tì mí. Mo sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀fọ́ wá sílé náà láti Ahoyéyé yọjú. Ìyá Ahoyéyé ni gbogbo wa ń pè é. Ó wo àwọn ọmọ náà, ó wo ìyá wọn lókè.

"Ṣé ẹ wẹ̀ wọ́n ni?"

"Mo wẹ̀ wọ́n dáadáa."

"Ẹ ti fọ ìyá wọn kúrò lára wọn nìyẹn. Kò mọ̀ wọ́n mọ́. Ọmọ ewúrẹ́ tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ wẹ̀, ìyá ẹ̀ á kàn án ni."

Ó ní kí wọ́n gbé aṣọ tí Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì bímọ sí wá, èyí tí kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn láti fọ̀. Ó fi nu òrí kúrò lára wọn, ó sì fi ra wọ́n títí gbogbo wọn fi rí wúruwùru. Ọ̀gá gun àga, ó gbé Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì sọ̀kalẹ̀, Pirẹ̀nsẹ́ẹ̀sì sì ha á lójú. Ó gbóòórùn àkọ́kọ́. Ó lá a. Ó lá èkejì. Ó dùbúlẹ̀, ó sì fún wọn lọ́mú. Mo di mọ́ Ìyá Ahoyéyé tẹ̀fọ́ tẹ̀fọ́.

Mo dúró tọ́jú wọn nílé Ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́ta, àwọn ènìyàn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé wọn. Ìyàwó olóṣèlú kan béèrè bóyá ológbò náà gbọ́ Faransé. Ọ̀gá ní Faransé nìkan ló gbọ́, bẹ́ẹ̀ Ànàgó, Yorùbá ilẹ̀ wa, ni mo fi ń bá a wí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ajíhìnrere kan láti Aguidi gbàdúrà lé tirẹ̀ lórí pẹ́ kó tó gbà á, nítorí ohun tí ayé ń sọ nípa ológbò. Ológbò náà sùn kó tó ṣe àmín. Àgbẹ̀ olówó kan láti Yoko béèrè bóyá tirẹ̀ yóò pa eku.

Ọ̀gá bínú. "Ológbò tó níwèé ni! Ṣé lébìrà ni?"

Mo rántí àwọn kan tí wọ́n níwèé níbi iṣẹ́ wa.

Ó ku èyí tó kéré jù, tí dírẹ́bà ọ̀gá ńlá kan láti Kútọnu wá gbé. Ọ̀gá Dùwánì jókòó, ó ń kọ ìwé ìran rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo ìlà. Mo ti ọmọ náà bọ inú bùbá mi.

Mo ní, "Ta ló gbẹ̀bí?"

"Màmá, ológbò ni o!"

"Mo mọ̀. Ẹ kọ orúkọ mi síbẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa wọ́n!"

"Èmi náà ni mo gbà wọ́n là. Ẹ kọ ọ́."

Dírẹ́bà ń fun fèrè níta. Ọ̀gá kọ ọ́, ní Faransé, lẹ́tà gbàgàdà: agbẹ̀bí, lẹ́yìn náà orúkọ mi ní kíkún. Mo ṣe fótókópì rẹ̀ kí n tó fi ọmọ sílẹ̀, mo fi í sínú férémù, mo sì gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ mi ní Sakété. Inú mi dùn bí ẹni tí ìjọba fún ní oyè.

Ìyá Ahoyéyé yà kí mi lọ́jọ́ ọjà kan. Ó dúró níwájú férémù náà. Kò mọ̀wé, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Ó ń mi orí bí mo ti ń kà á.

Ó ní, "Ó dáa gan-an. Níbo ni wọ́n kọ èmi sí?"

Mo wo ìwé náà bí ẹni tó ń wá a. Mo wá fi ìka tọ́ ibi tí Ọ̀gá fọwọ́ sí nísàlẹ̀, mo ní ibẹ̀ ni. Ó fọwọ́ kan dígí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé agbọ̀n rẹ̀ lọ.

Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó. Mo gbé férémù náà sọ̀kalẹ̀, mo yọ ìwé náà jáde, mo wá bírò, kí n lè kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí mo purọ́ pé ó wà. Ìgbà tí mo fi bírò kan ìwé ni mo tó rí i pé n kò mọ orúkọ rẹ̀.