Ẹni Ogójì ní Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì

Nínú gbogbo ohun tí Verlon Pruett ṣe láyé, èyí tó ṣe nínú ilé màlúù Coy Hatmaker ni gbogbo ìlú Pardue Gap mọ̀ jù.

Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù Kẹrin. Ìdánwò kan ṣoṣo ló kù kí Coy gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní yunifásítì ìjọba. Ìdánwò ìtàn ni, aago mẹ́wàá ni. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án, Coy pe ọ́fíìsì yunifásítì lórí fóònù. Màlúù òun ti ń rọbí, ó ní, ọmọ sì dábùú nínú rẹ̀, òun ò ní lè wá. Mísísì Wynelle Stroud, akọ̀wé tó ń bá Verlon ṣiṣẹ́, ló gbé fóònù náà. Kó tó sọ ọ́ tán, Verlon ti wọ jákẹ́ẹ̀tì.

"Níbo lẹ tún ń lọ, ọ̀gá?"

"Coy ò lè wá bá ìdánwò. Ìdánwò á lọ bá Coy."

Ó gba kíláàsì kọjá, ó fa Ọ̀mọ̀wé Fentress, olùkọ́ ìtàn, lápá, ó jù ú sínú ọkọ̀. Bàtà funfun ló wà lẹ́sẹ̀ Fentress. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n dé ilé màlúù náà. Verlon da korobá kan délẹ̀ fún Coy, ó gbé pákó lé e nítan, ó fi ìwé ìbéèrè sórí rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni Coy fi ń kọ̀wé. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà nínú màlúù dé ìgúnpá.

Verlon ò dúró. Ó ń rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí wọ́n ń kó koríko sí, ó ń padà, ó ń pariwo àkókò. "Ó ku ogún ìṣẹ́jú!"

"Ẹ sọ fún màlúù!" ni Coy dáhùn.

Ọmọ màlúù náà jáde ní ìbéèrè keje. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní olú ìlú ìpínlẹ̀ yẹ ìwé wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n béèrè pé àbàwọ́n wo ló wà lójú ewé kẹta. Verlon kọ èsì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà wọn, ó dá a padà: "Omi ìbí màlúù. Akẹ́kọ̀ọ́ gba méjìdínlọ́gọ́rin. Ọmọ màlúù wà láàyè."

Ẹni tí kò bá mọ Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì lè rò pé orí ọkùnrin náà ò pé. Wynelle mọ̀ pé ó pé.

Nígbà kan, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wọlé ni ìpínlẹ̀ fi ń pín owó fún àwọn yunifásítì rẹ̀. Wọ́n wá yí i padà. Iye tó bá parí ni wọ́n ń kà báyìí. Ẹni tó ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tó ku ẹyọ kan, òfo ni lójú olú ìlú. Iṣẹ́ Verlon ni kó ka àwọn tó parí, kó sì fi ìwé wọn ránṣẹ́.

Ẹ̀ka yunifásítì tó wà ní Pardue Gap ni Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ni tẹ́lẹ̀, títí tí àwọn olówó rẹ̀ fi kó ẹ̀rọ wọn lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Wynelle rán kọ́là níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Tábìlì tó fi ń ṣe akọ̀wé báyìí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ sí ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Yunifásítì gba ilé náà, wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn àgbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá yunifásítì là á mọ́lẹ̀ pé bí Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì kò bá mú ogójì ènìyàn jáde lọ́dún, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì léra wọn, àwọn á tì í. Ẹni tó bá fẹ́ kàwé á máa wa ọkọ̀ gba orí òkè ní máìlì méjìdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn iṣẹ́. Wynelle ti ka àwọn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹnì kankan.

Nítorí náà ni Verlon kì í fi í jókòó. Wọ́n ra àga fún un ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn, ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ṣì wà lórí rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé ti gbó dé pákó. Ìdúró ló ti ń jẹ bisikíìtì àárọ̀, ìdúró ló ti ń mu kọfí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ọ̀gá. Òòyì ń kọ́ mi."

"Tó bá pé ogójì, mo máa jókòó."

Ní ọdún tó bá pé, Wynelle á fa àga náà jáde fún un. Verlon á fọwọ́ bà á, á ní, "Ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?" Á sì tún gba ojú fèrèsé lọ.

Ìpínlẹ̀ ní òfin mìíràn nípa owó náà. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó sì parí, ẹyọ kan àtààbọ̀ ni wọ́n ń kà á, ọ̀dọ́ sì jẹ́ ẹyọ kan. Verlon ra igba káàdì ọjọ́ ìbí, ó ń fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá pé ọdún náà. Ohun kan náà ló ń kọ sí gbogbo wọn: "Kú ọjọ́ ìbí. Lánàá o jẹ́ ẹyọ kan. Lónìí o jẹ́ ẹyọ kan àtààbọ̀. Má sá lọ."

Ìyá ọmọ kan tó ń jẹ́ Mísísì Goins já wọ ọ́fíìsì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́.

"Ta ni wèrè tó kọ èyí sí ọmọ mi? Ṣé ọmọ mi ò pé ènìyàn tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìpínlẹ̀ ló ń kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta. Kí ló kàn yín níbẹ̀?"

"Ṣé ẹ ti lọ sí yunifásítì rí?"

Ariwo tí obìnrin náà pa dé ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ń jáde. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, òun ni ẹnì kẹtàdínlọ́gbọ̀n nínú iye ọdún yẹn.

Ọ̀rọ̀ Icie Lawhorn ni Wynelle kì í lè sọ láìrẹ́rìn-ín, kì í sì lè sọ ọ́ tán. Òun àti Icie jọ rán kọ́là ni. Icie bẹ̀rẹ̀ ìwé ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ṣe ìdánwò ìkẹyìn ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó yege. Ó kú nígbà tí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ogójì gẹ́lẹ́ ni àwọn tó parí lọ́dún náà, Icie wà nínú wọn. Àwọn ará olú ìlú fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀.

Verlon di búrẹ́dì mẹ́rin tó fi ẹran bólóńyà sí láàárín, ó wa ọkọ̀ lọ sí olú ìlú fún wákàtí mẹ́ta. Wọ́n ní kó jókòó kó dúró de Míìsì Overby, ọ̀dọ́bìnrin tó ń yẹ ìwé wò. Kò jókòó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn títí tí àwọn òṣìṣẹ́ ò fi lè ṣiṣẹ́ mọ́.

"Ọ̀gá Pruett, òkú kì í gboyè."

"Mà, ó ti parí kó tó kú. Ayẹyẹ ló pẹ́ dé."

"Kò sí níbi ayẹyẹ náà."

"Àwọn mẹ́ta mìíràn ò wá. Ẹja ni wọ́n lọ pa. Ẹ kà wọ́n."

"Àwọn yẹn wà láàyè!"

"Ẹ fi ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ hàn mí pé ó gbọ́dọ̀ máa mí."

Míìsì Overby ṣí ìwé òfin wọn. Ojú ewé méjìlélọ́gọ́ta ni. Kò rí i níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká kà á ní ààbọ̀."

"Icie ò ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ààbọ̀."

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ìlà kẹrìnlá kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ka àwọn tó parí: ẹni tó bá parí gbogbo ẹ̀kọ́, tó sì kú kí ayẹyẹ tó dé, kí wọ́n kà á. Míìsì Overby sin Verlon dé ẹnu ọ̀nà. Ó sọ fún ọkùnrin tó ń ṣọ́nà pé, "Tó bá ti jáde, ẹ tètè ti ilẹ̀kùn kó tó rántí òmíràn."

Ọdún tí Verlon lò kẹ́yìn ló burú jù. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀, méjìdínlógójì ni wọ́n. Bí èyí náà kò bá pé ogójì, wọ́n á ti ilé náà. Nínú oṣù Kìíní, Wynelle ka àwọn tó máa parí, ó rí mọ́kàndínlógójì. Ó tún un kà. Ó tún un kà ní ìgbà kẹta pẹ̀lú ìka.

Ìwé kan wà lára ògiri tí Verlon fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: orúkọ gbogbo àwọn tó fi Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì tàbí yunifásítì sílẹ̀ tó ku ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí pe gbogbo wọn. Ọ̀kan ti di pásítọ̀ ní Georgia. Ọ̀kan wà lẹ́wọ̀n, ó ní òun fẹ́, àwọn ọ̀gá ẹ̀wọ̀n ò gbà. Ọ̀kan ní kí wọ́n má pe òun mọ́ láé, ó sì pè padà lọ́jọ́ kejì láti tún un sọ.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni mo pè, ọ̀gá. Wọ́n ti tán."

"Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ni."

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà ni mo rí."

Verlon gba ojú fèrèsé lọ.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, ó ń pòórá ní aago méjì ọ̀sán, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Wynelle rò pé dókítà ló ń lọ rí, nítorí àyà rẹ̀ ti ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, ó ń gbé ìwé lọ sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ó yọjú níbi gíláàsì ẹnu ọ̀nà. Verlon dúró níwájú kíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí tábìlì mú bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Wynelle padà sí ọ́fíìsì, ó ṣí kàlẹ́ńdà tí wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ ìwé ara ògiri. Orúkọ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Verlon Pruett, 1976. Ẹ̀kọ́ tó kù: ọ̀rọ̀ sísọ níwájú èrò. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́ láyé ìgbà tí wọn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ti sá fún ẹ̀kọ́ yẹn nítorí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú méje. Kò lè fi orúkọ náà sílẹ̀ láìkọ ọ́, nítorí òtítọ́ ni. Ó wá fi kàlẹ́ńdà bò ó.

Wynelle sáré padà lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì náà.

Ọjọ́ ìdánwò ni, ọ̀rọ̀ Icie ni Verlon ń sọ. Ó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ kan kúrò lára tábìlì, ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ó lọ dé ojú fèrèsé, ó padà, orí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń bá a lọ, ó ń bá a bọ̀. Ní Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ kan ló ń kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta, nítorí náà Ọ̀mọ̀wé Fentress ló jókòó sẹ́yìn. Ó ti ń retí ọjọ́ yìí láti ìgbà tí bàtà funfun rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú ilé màlúù.

"Ẹ dúró lójú kan, Ọ̀gá Pruett! Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

"Ẹ sọ fún ẹsẹ̀ mi!"

Ó gba mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó ní kí Wynelle kọ ọ́ sínú ìwé, òun ò ní fọwọ́ ara òun ka ara òun. Wynelle kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ó fa àga jáde.

"Ó pé ogójì. Ẹ jókòó."

"Jẹ́ kí ayẹyẹ kọjá ná. Ọmọ lè dábùú."

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni Verlon kú. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín tòmátò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ó ń kà wọ́n, ó sì ṣubú sí ìlà kejì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni.

Wynelle fi ìwé ránṣẹ́ sí olú ìlú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fóònù dún ní Ọjọ́rú. Míìsì Overby ni.

"Mísísì Stroud, ogójì lẹ kọ síbí. Ọ̀kan nínú wọn ti kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ wo ìlà kẹrìnlá."

Wynelle gbọ́ bí obìnrin náà ṣe ń ṣí ìwé. Ó gbọ́ bó ṣe ka orúkọ Verlon jáde.

"Ṣé ó parí gbogbo ẹ̀kọ́?"

"Ó parí. Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ló gbà."

"Kí ló dé tí kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ó ń rìn kiri."

Míìsì Overby rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó fọn imú. "Mo kà á," ó ní. "Ẹyọ kan àtààbọ̀."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n to àga sórí koríko níwájú Ilé Ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ gboyè. Mọ́kàndínlógójì ni àga tí yunifásítì kó wá. Wynelle àti Coy Hatmaker gbé ọ̀kan sí i jáde láti inú ọ́fíìsì. Wynelle ya ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, ó gbé fìlà ìgboyè onígun mẹ́rin lé e lórí, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Ó ti pé ogójì, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ jókòó."

Wọn ò tíì pe orúkọ kẹta tí atẹ́gùn fi gbé fìlà náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ sí ẹnu ọ̀nà. Èrò rẹ́rìn-ín. Coy sáré mú un, ó gbé e padà. Ó tún bọ́, ó tún gba ẹnu ọ̀nà lọ. Coy fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Wynelle fọwọ́ kan apá rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó lọ wo ti ọdún tó ń bọ̀."